Láti Orí Owó Ẹyọ dé Ojú Ìwé Ìròyìn: Ìtàn Ìwámọ̀ràn lórí Ìfẹ́ Ìkọ̀kọ̀ àti Àìsàn Ẹran Ọ̀sìn Kékeré

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn àgbà sábà máa ń kà sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Èkíní ni ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀, ìyẹn ìfẹ́ tí ó wà lọ́kàn ẹnìkan sí ẹni tí kò tíì mọ̀. Èkejì ni àìsàn ẹran ọ̀sìn kékeré bí adìẹ, ẹyẹlé, ehoro àti ọmọ ajá. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdáfá àti àrokò nílẹ̀ Yorùbá, ó yẹ àwọn ìwé ìròyìn ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí ó kọ́kọ́ ń dá òǹkàwé lóhùn wò, ó sì padà sí Èkó àti Ìbàdàn ní ọ̀rúndún ogún. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìbòjú ni ó máa ń fún oníbèéèrè ní ìgboyà, ṣùgbọ́n bí adáhùn náà bá da ìbòjú bora, ewu ń bẹ. Ìparí iṣẹ́ náà kan olùkọ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí ń bọ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oníbèéèrè kì í ṣìnà. Òwe yìí gbé ìbéèrè ga, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ni àwùjọ máa ń fi ọ̀wọ̀ gbà. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà oko, iye owó iṣu tàbí ìtumọ̀ àlá yóò rí ẹni dá a lóhùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó bá sọ pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu òun mọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ kíláàsì kejì ti rẹ́rìn-ín sí òun, ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in, bí wọn kò bá nà án. Ọmọ tí ó gbé òròmọdìẹ tí ń tòògbé wá sí ọ̀dọ̀ àgbà lè gbọ́ pé kí ó lọ jù ú sí ààtàn, tàbí kí wọ́n tètè pa á jẹ kí ó tó kú.

Lójú ẹni tí ó wo ọ̀rọ̀ náà lóréfèé, ìbéèrè méjèèjì kò jọra. Síbẹ̀, ohun kan so wọ́n pọ̀. Òròmọdìẹ kò lè sọ ibi tí ń dùn ún. Ẹni tí a fẹ́ràn kò sì tíì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, oníbèéèrè ń ṣọ́ àmì, ó ń ka ojú, ó ń ṣírò ohun tí kò rí. Ohun tí ó fẹ́ràn ni kò fẹ́ kí ó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ojú sì ń tì í láti sọ bí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ìdí nìyí tí ìbéèrè méjèèjì fi máa ń wá ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé gbà jáde. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọ̀nyí, àti irú ẹni tí ó dúró ní òpin wọn láti dáhùn, ni iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Ìbéèrè Abẹ́ Aṣọ nílẹ̀ Yorùbá

Ṣáájú kí ìwé tó dé, ilẹ̀ Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń bo oníbèéèrè lójú. Ọ̀dọ̀ babaláwo ni àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ wà. Ẹni tí ó lọ dífá kò ní láti sọ ohun tí ó bá wá. Yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó ẹyọ tàbí owó mìíràn, yóò sì fi í lélẹ̀ níwájú Ifá. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ṣe àkọsílẹ̀ ìṣe yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tí ó jáde ní 1969. Bí odù bá ti hù, babaláwo yóò máa ki ẹsẹ rẹ̀, oníbèéèrè fúnra rẹ̀ ni yóò sì mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mu.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí nínú ètò yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ó dáàbò bo oníbèéèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ wà lára ọmọ ilé kan kò ní dárúkọ ọmọ náà fún ẹnikẹ́ni. Èkejì ni pé adáhùn kò fara pamọ́. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ agboolé babaláwo náà, wọ́n mọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ ní Ifá, wọ́n sì mọ̀ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ tàbí bí kò ṣẹ. Oníbèéèrè nìkan ni ó wà lábẹ́ aṣọ. Adáhùn wà ní gbangba.

Àrokò náà jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Nínú àrokò owó ẹyọ, ẹyọ mẹ́fà dúró fún ẹfà, láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe "fà": ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ń fà mọ́ ẹni tí ó gbà á. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ ni ó padà wá, ẹ̀jọ ni, láti inú "jọ": èrò àwọn méjèèjì jọra. Ẹni tí kò bá fẹ́ kò ní láti sọ ọ̀rọ̀ tí yóò dójú ti ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò ní ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ tí ó ń lọ sí ìgbéyàwó, alárinà yóò bọ́ sí i, àwọn ẹbí yóò sì wádìí ìwà àti àìsàn tí ó wà nínú ìdílé kejì.

Ní ti ẹran ọ̀sìn kékeré, ìmọ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ọdẹ ni ó mọ ewé àti àgúnmu tí ó yẹ ajá, nítorí pé ajá ni ojú àti imú rẹ̀ nínú igbó. Àwọn ìyá tí ń sin adìẹ ni ó mọ èyí tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Ẹni tí ẹyẹlé rẹ̀ kò fò mọ́ yóò béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tí ẹyẹlé rẹ̀ pọ̀. Ìmọ̀ yìí ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè àti ìdáhùn bá wà ní àdúgbò kan náà, tí adáhùn sì lè fọwọ́ kan ẹran náà. Nígbà tí ìlú fẹ̀, tí ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá àgbà tí ó lọ sí ilé-ìwé, okùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù, 1691

Irú okùn bẹ́ẹ̀ ti tú ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú. Ibẹ̀ sì ni irú ìwé ìròyìn tí ó padà dé Èkó láti máa dá ọ̀dọ́ lóhùn ti bẹ̀rẹ̀, èyí ni ó mú kí ó yẹ láti dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1691, òǹtàwé kan tí ń jẹ́ John Dunton gbé ìwé pélébé kan jáde tí a wá mọ̀ sí The Athenian Mercury. Ìlérí rẹ̀ ṣe kedere: ẹnikẹ́ni lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ láìkọ orúkọ, ìdáhùn yóò sì jáde nínú ìwé náà. Ilé kọfí kan tí ń jẹ́ Smith's ni wọ́n ń kó lẹ́tà sí. Láìpẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ ni ó ń jáde.

Ìbéèrè wọlé bí òjò. Àwọn kan béèrè nípa ẹ̀sìn, àwọn kan nípa ìṣirò, àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá ẹranko ní ọkàn bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò jẹ́ kí àwọn olóòtú sinmi. Nígbà tí ó yá, wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ìbéèrè àwọn obìnrin, ní 1693 sì ni ìwé mìíràn, The Ladies' Mercury, jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹrin péré fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìgbéyàwó. The Athenian Mercury fúnra rẹ̀ wà títí di 1697.

Ta ni ó ń dáhùn? Ojú ìwé náà sọ pé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́, àní ọ̀dọ́mọkùnrin Jonathan Swift kọ ewì ìyìn sí ẹgbẹ́ náà ní 1692. Ní òtítọ́, ọwọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà kò ju ìwọ̀nba lọ: Dunton fúnra rẹ̀, Richard Sault tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò, àti àlùfáà kan tí ń jẹ́ Samuel Wesley, tí òun àti Dunton fẹ́ ọmọ ìyá kan náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ John Norris lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Samuel Wesley yìí ni bàbá John àti Charles Wesley, àwọn tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ wọn jáde. Ìjọ kan náà ni Thomas Birch Freeman gbé wọ Àgbádárìgì ní 1842. Bàbá àwọn tí Yorùbá ń kọ orin wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó dá ọmọge tí kò mọ ẹni tí yóò fẹ́ lóhùn nínú ìwé ìròyìn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti ìdáfá ni kókó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oníbèéèrè wọ ìbòjú, adáhùn náà sì wọ̀ ọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn di ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé lójú òǹkàwé. Kò sí àdúgbò tí yóò sọ bóyá ìmọ̀ràn náà ṣẹ.

Ehoro, Ẹyẹlé àti Ìfẹ́ lójú Ìwé Kan Náà

Ó tó nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà kí ìbéèrè méjèèjì tí iṣẹ́ yìí ń sọ tó jókòó pọ̀ dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 1879, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Religious Tract Society, bẹ̀rẹ̀ The Boy's Own Paper fún àwọn ọmọkùnrin. Ní oṣù kìíní ọdún 1880, wọ́n bẹ̀rẹ̀ The Girl's Own Paper fún àwọn ọmọbìnrin. Ìwé méjèèjì ní ojú ìwé tí wọ́n ti ń dá òǹkàwé lóhùn. Wọn kì í sábà tẹ ìbéèrè. Ìdáhùn nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àbọ̀ tí oníbèéèrè fún ara rẹ̀. Ẹlòmíràn tí ó bá kà á kò ní mọ ohun tí wọ́n béèrè àyàfi kí ó rò ó láti inú ìdáhùn.

Nínú ìwé àwọn ọmọkùnrin, Gordon Stables, dókítà tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ológun ojú omi, ni ó ń kọ̀wé nípa ehoro, ẹyẹlé, adìẹ àti ajá lóṣooṣù, òun kan náà ni ó sì ń dá àwọn ọmọkùnrin lóhùn nípa ara tiwọn. Dókítà ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń gba ìbéèrè ẹyẹ àti ìbéèrè ọmọ. Nínú ìwé àwọn ọmọbìnrin, ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ kò kọrin mọ́ àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin lè bá ìdáhùn ara wọn pàdé lójú ìwé kan.

Ètò yìí ṣe oore, nítorí pé ó sọ fún ọmọdé pé ìbéèrè rẹ̀ tó ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ẹran kékeré tí ń ṣàìsàn kò lè dúró de ìwé tí yóò jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ehoro tí kò jẹun fún odidi ọjọ́ kan ti wà nínú ewu. Ẹyẹ a máa fi àìsàn pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán, nítorí pé ẹyẹ tí ó bá fi àárẹ̀ hàn nínú igbó ni àṣá ń kọ́kọ́ gbé. Ìgbà tí ọmọ bá rí i pé ó wú ìyẹ́, tí ó pa ojú dé ní ọ̀sán, àìsàn náà ti rìn jìnnà. Adáhùn tí kò fọwọ́ kan àyà ẹyẹ náà láti mọ̀ bóyá ó ti rù kò lè ṣe ju àbá lọ.

Níbo ni wọ́n wá lè gbé e lọ? Ní Britain ìgbà náà, ẹṣin àti màlúù ni dókítà ẹranko mọ̀ jù lọ, nítorí pé àwọn ni ó ń mú owó wọlé. Ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Dickin ṣí ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ fún ẹran àwọn tálákà sínú yàrá abẹ́ ilé kan ní Whitechapel, níhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ilé ìwòsàn náà sì di àjọ ńlá tí a mọ̀ sí PDSA. Àwọn dókítà ẹranko kan bá a jà pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò gba ìwé ẹ̀rí. Ìjà náà fi ìṣòro tòótọ́ hàn: àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí kò fẹ́ gba ológbò tálákà, àwọn tí ó fẹ́ gbà á kò ní ìwé ẹ̀rí. Ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ni èrò ń wọ̀.

Lẹ́tà Ìfẹ́ ní Èkó

Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá ni èyí tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, Ìwé Ìròhìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ìjọ àti ìṣèlú ni ó kún inú rẹ̀. Ọ̀rúndún ogún ni ọ̀rọ̀ ọkàn tó ráyè wọ ojú ìwé ìròyìn dáadáa.

Àpẹẹrẹ tí ó lágbára jù lọ wà nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn I. B. Thomas. Láti 1929 sí 1930, lẹ́tà ń jáde níbẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní òun ti lo ẹwà òun lé ọkùnrin kiri ní ìgbà èwe, pé àìsàn àti òṣì ni ó kù fún òun báyìí, ó sì ń rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n fi òun kọ́gbọ́n. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà padà sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀. Àwọn lẹ́tà náà di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. I. B. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ọkùnrin olóòtú ni ó wà lábẹ́ gèlè Ṣẹ̀gilọlá.

Lẹ́yìn tí Nnamdi Azikiwe dá West African Pilot sílẹ̀ ní Èkó ní 1937, ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Milady's Bower", tí ẹni tí ń jẹ́ Miss Silva ń bójú tó. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kàwé kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ránṣẹ́ sí i. Irú ìbéèrè wọn ṣòro fún alárinà láti dáhùn, nítorí pé ọmọkùnrin akọ̀wé tí ó pàdé ọmọbìnrin olùkọ́ ní ìlú àjèjì kò ní agboolé tí yóò bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Saheed Aderinto, onímọ̀ ìtàn ọmọ Nàìjíríà, ti fi irú lẹ́tà wọ̀nyí ṣe ìwádìí lórí ìfẹ́ àti ọ̀dọ́ ní àkókò ìjọba amúnisìn. Òun kan náà ni ó kọ ìwé kan jáde ní 2022 lórí ẹranko ní Nàìjíríà àkókò náà. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tí àgbà ń pè ní kékeré ti di ohun ìwádìí fún onímọ̀ kan ṣoṣo.

Drum ni ó gbé ètò náà dé ibi gbogbo. Ìwé ìròyìn yìí bẹ̀rẹ̀ ní South Africa ní 1951, ó sì ní ẹ̀dà fún Nàìjíríà àti Ghana láàárín ọdún díẹ̀. Ojú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ "Dear Dolly" gba lẹ́tà àwọn ọ̀dọ́ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ Dolly Rathebe, olórin àti òṣèré tí òkìkí rẹ̀ kàn, ni wọ́n lò. Àwọn ọkùnrin òǹkọ̀wé ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ń kọ ìdáhùn. Kenda Mutongi, tí ó ṣe àgbéyẹ̀wò lẹ́tà ọdún 1960 sí 1980, fi hàn pé ojú ìwé náà jẹ́ ibi tí ọ̀dọ́ ti lè sọ ohun tí wọn kò lè sọ nílé.

Bí a bá to àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí pọ̀, ohun kan náà ni ó ń hàn. Ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ìwọ̀nba ọkùnrin. Ṣẹ̀gilọlá jẹ́ ọkùnrin. Dolly jẹ́ ọkùnrin. Ọmọbìnrin tí ó rò pé ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n obìnrin ni òun ń bá sọ̀rọ̀ kò mọ ẹni tí ó fi ọkàn rẹ̀ hàn. Èyí kò sọ gbogbo ìmọ̀ràn náà di búburú. Púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n oníbèéèrè kò ní ọ̀nà tí yóò fi wọn adáhùn rẹ̀ wò.

Adìẹ tí ń Tòògbé

Ní ti ẹran, ìtàn Nàìjíríà bá ti Britain mu. Ilé ìwádìí àìsàn ẹranko tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Vom, nítòsí Jos, ní 1924, nítorí màlúù ni. Àjàkálẹ̀ àrùn tí ń pa màlúù lọ ràì ni ó sọ ọ́ di dandan, iṣẹ́ irú ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí ó mú kí àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo àgbáyé ní 2011. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní adìẹ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé ní Ìbàdàn kò sí nínú èrò àwọn tí ó dá a sílẹ̀.

Láàárín oṣù kejìlá 1952 àti oṣù kejì 1953, àwọn adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ máa tòògbé, wọn a ya ìgbẹ́ gbuuru aláwọ̀ ewé, ọrùn àwọn mìíràn a lọ́. Àrùn Newcastle ni, èyí tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní lúkúlúkú. Ìgbà náà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò ní oògùn tí ń wò ó sàn, àjẹsára nìkan ni ó ń dènà rẹ̀, Vom náà sì padà wá ń ṣe é. Fún òròmọdìẹ, kíkán ni wọ́n ń kán an sí i lójú. Ní 1963 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, èyí sì mú dókítà ẹranko súnmọ́ ilẹ̀ Yorùbá.

Ní oṣù kejì 2006, wọ́n rí àrùn lúkúlúkú mìíràn, èyí tí ó burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ní oko adìẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Àrùn ẹyẹ H5N1 ni, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó ti fara hàn. Èyí lè ran ènìyàn, ó sì lè pa á. Láti ìgbà náà, ọmọ tí ó gbé adìẹ tí ń tòògbé mọ́ àyà kò béèrè ọ̀rọ̀ kékeré mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ lè jẹ́ ìròyìn àkọ́kọ́ tí àdúgbò yóò gbọ́ nípa àjàkálẹ̀ àrùn.

Ti ajá tilẹ̀ burú jù. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ dìgbòlugi bí ajá tí ń sáré kiri, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí ajá kì í bínú: yóò dákẹ́, yóò lọ sápamọ́ sí ìgun ilé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò wọ́, kò ní lè gbé nǹkan mì. Ọmọ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ lè rò pé eegun ni ó há a lọ́fun, kí ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó máa ń yọrí sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, tí ọmọ náà sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ yóò yè. Láàárín ikú àti ìyè níhìn-ín, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni bóyá ọmọ náà rí ẹni tí ó lè sọ fún láìbẹ̀rù pé wọn yóò nà án.

Ìbéèrè lẹ́nu Ọ̀nà Kíláàsì

Iṣẹ́ ìdámọ̀ràn nílé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni mọ̀. Ní 1959, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn ènìyàn láti ẹnu iṣẹ́ lóríṣiríṣi kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin tí ó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti 1977 fi àyè sílẹ̀ fún olùdámọ̀ràn nílé-ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ni ó ṣì gba ipò iwájú lójú ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkàn a máa wọlé tí ìbáwí bá ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùdámọ̀ràn kò sì ṣọ̀wọ́n. Olùkọ́ ni ìbéèrè ń bá lẹ́nu ọ̀nà.

Ìtàn tí a ti yẹ̀ wò yìí fún olùkọ́ ní ìlànà mẹ́ta. Èkíní ni kí ó jẹ́ kí oníbèéèrè wọ ìbòjú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ pé "ọ̀rẹ́ mi kan" ni ọ̀rọ̀ náà kàn ń sọ̀rọ̀ sí owó ẹyọ ni. Kò yẹ kí olùkọ́ já aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀. Àpótí tí a lè ju ìwé aláìlórúkọ sí ń ṣe iṣẹ́ tí ilé kọfí ṣe ní 1691.

Èkejì ni kí adáhùn má wọ ìbòjú. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ẹni tí òun jẹ́, ohun tí òun mọ̀ àti ibi tí ìmọ̀ òun pin. Ó yẹ kí ó sọ fún un pé kí ó béèrè, níbi gbogbo tí ó bá ti gba ìmọ̀ràn, pé: ta ni ó ń dá mi lóhùn? Olùkọ́ tí ó bá lo àṣírí ìfẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti fi í ṣe ẹlẹ́yà níwájú kíláàsì, tàbí láti fi wá ojú rere rẹ̀ fún ara tirẹ̀, ti ṣe ohun tí ó burú ju ti Dolly lọ.

Ẹ̀kẹta ni kí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fa ọ̀rọ̀ lé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù lọ́wọ́. Adìẹ tí ń tòògbé, kí wọ́n yà á kúrò lára àwọn yòókù, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí wọ́n má pa á jẹ, kí wọ́n sì fi tó dókítà ẹranko létí. Ọmọ tí ajá bù jẹ, ilé ìwòsàn ni. Ọmọ tí ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ ń dà láàmú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò nílò ju etí tí yóò gbọ́ ọ, kí ó sì mọ̀ pé ara ń dàgbà ni, pé ẹni tí kò bá fi ẹyọ mẹ́jọ dá ẹyọ mẹ́fà padà kò sọ ọ́ di ẹni yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà ni ó ń wá ojú ọmọ náà, tàbí bí ọmọ náà bá ń sọ̀rọ̀ ikú, kì í ṣe àṣírí tí olùkọ́ lè dá gbé mọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti tọpa ìbéèrè méjì láti iwájú Ifá dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ó ti fi hàn pé kì í ṣe ọ̀làjú ni ó bí ìbòjú oníbèéèrè, ilẹ̀ Yorùbá ti ní i láti orí owó ẹyọ. Ohun tí ìwé ìròyìn fi kún un ni ìbòjú adáhùn, èyí sì ni kò yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ gbà wọlé. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé àwọn tí ó ní ìmọ̀ kò tètè ka ẹran kékeré sí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ní àṣẹ kò tètè ka ìfẹ́ ọmọdé sí, àti pé àìkàsí yìí a máa gba ẹ̀mí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe náà bá oníbèéèrè wí, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀bi ìdákẹ́jẹ́ wà lọ́rùn ẹni tí wọ́n ìbá sọ fún. Ọmọ tí ó gbé òròmọdìẹ wá lónìí tí wọ́n fi ẹ̀rín lé padà kò ní gbé ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ wá lọ́la, kò sì ní sọ nípa ojú eyín ajá tí ó wà lápá rẹ̀. Bí olùkọ́ bá gba ti òròmọdìẹ náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ti la ọ̀nà fún èyí tí ó kù.